Màá Sọ Ọ́ Kalẹ̀ Nílé

Ẹ̀yin tí ìyàwó mi ti ròyìn fún, ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi rò ó. Èmi tí ẹ máa ń ké sí níbí, ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi náà ni mo san £120 fún kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ lórí rẹ̀.

Kì í ṣe pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò o. Kẹ̀kẹ́ £600 tí wọ́n bá ń tà ní £90, yálà olè ló ń tà á tàbí kò tiẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ kankan níbẹ̀. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ bójú mu. Kí n tó kúrò nílé, mo ní kí ọkùnrin tó ń tà á fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí abẹ́ férémù ránṣẹ́, níbi tí irin pẹ́dàlì ti gba inú rẹ̀ kọjá. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí BikeRegister, ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó kéde pé wọ́n jí i. Ilé rẹ̀ ni mo ti lọ bá a, lọ́sàn-án gangan. Mo dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, mo tún nọ́ńbà náà kà fúnra mi, torí olè lè fi nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ránṣẹ́ sí ẹ.

Mo yọ rúlà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mú rúlà dání. Láti píìnì ṣéènì kan, ka 24 síwájú: ínǹṣì 12 géérégé ló yẹ kó jẹ́. Tó bá fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì lé, ṣéènì fẹ́ pààrọ̀; tó bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ lé, ó ti ba eyín irin ẹ̀yìn tí ṣéènì ń yí jẹ́ pẹ̀lú, owó méjì nìyẹn. Mo fún bíréèkì iwájú pa, mo ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ kò mì. Mo di apá pẹ́dàlì mú, mo tì í sọ́tùn-ún sósì, kò mì. Mo yí táyà, kò jó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo wo abẹ́ férémù lẹ́yìn ọrùn bóyá ọ̀dà wú tàbí ó sán, torí ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ tó ti forí sọ nǹkan rí ti máa ń jẹ́wọ́. Mo ń ṣe "ẹ̀n-hẹ́n, ẹ̀n-hẹ́n" bíi dókítà àgbà.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ga. Mo ní ó ga! Àgùnfọn tó bá rí i á ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí ìdí rẹ̀ wà ni ìjókòó kẹ̀kẹ́ wà, ìyẹn ni ọgbọọgba àyà mi. Mo ní, "Kò séwu, màá sọ ọ́ kalẹ̀ nílé."

Màá sọ ọ́ kalẹ̀ nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n!

Álúmíníọ̀mù ni òpó ìjókòó yẹn, irin ni férémù. Bí ẹni tó ni ín kò bá máa yọ ọ́ fi gíríìsì pa á, òjò Lọ́ńdọ̀nù á wọ àárín wọn, àwọn méjèèjì á jẹra wọn, wọ́n á sì dìkan ṣoṣo bí ẹni tí wọ́n jó pọ̀. Mo tú bóòtù rẹ̀. Mo rọ epo tí ń wọnú irin tó ti dógùn-ún sí i, mo fi sílẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta gbáko. Ìyàwó mi di táyà mú, mo gbá ìjókòó mọ́ra, mo lọ́ ọ. Kẹ̀kẹ́ yí, ìyàwó mi bá a yí, òpó dúró. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni ì bá gbà mí láti dán an wò lójú ẹni tó ń tà á: tú bóòtù, tì í wálẹ̀, fà á sókè.

Mo wá ń gùn ún bẹ́ẹ̀, torí owó ni mo fi rà á. Bí iná bá pọ́n, àfi kí n rí etí títì tí màá fẹsẹ̀ kan lé. Mo mọ gíga gbogbo etí títì Old Kent Road lórí. Lọ́jọ́ tí mi ò rí ọ̀kan, mo dì mọ́ òpó ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì. Màmá kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àpò iṣu, wọ́n wò mí títí.

"Ọmọ mi, ta ló gbé ẹ gun orí ibẹ̀?"

"Mo rà á ni, mà."

"O sanwó?"

Ọjọ́ yẹn ni mo gbé e fún títà. Mo kọ ọ́ gbangba: ìjókòó ti há, ẹni gíga nìkan. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun wà lókè òkun, pé báńkì ti di owó tí òun san fún mi mú, kí n kọ́kọ́ sanwó ẹni tó máa wá gbé kẹ̀kẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sùn. Èkejì fẹ́ gùn ún wò, ó fẹ́ fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣe ìdógò. Mo ní kó kó owó pípé lé mi lọ́wọ́ ná, kí ìdí rẹ̀ tó kan ìjókòó.

Ẹ̀kẹta ló mú £110 wá. Ó gun kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni jókòó sórí àpótí ìdáná. Inú bí mi! A kọ rísíìtì méjì: orúkọ wa, ọjọ́, iye owó, nọ́ńbà férémù. Gbogbo rẹ̀ pé. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò nígbà tí mò ń ka owó.

Nílé ìtajà, ọmọ tó ń gbowó gbé £20 kan nínú owó náà sókè. "Ẹ̀gbọ́n, bébà lèyí." Bébà! Láti ìgbà tí ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ti kọjá ni wọn ò ti ná £20 bébà mọ́, oníláílọ́ọ̀nù tó ní fèrèsé lára nìkan ni. Ta ló máa ń sọ èyí fún gbogbo yín? Ẹ má dáhùn.

Bank of England ṣì ń pààrọ̀ rẹ̀, ní Threadneedle Street. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Iná pọ́n ní Old Kent Road, mo yọjú lójú fèrèsé, ta ni mo rí? Géńdé mi ni, lórí kẹ̀kẹ́ mi, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ó juwọ́ sí mi.