Ohun tí kámẹ́rà kò lè ṣe ló fi kọ́ mi

Fọ́tò 36 ni fíìmù tí mo kì sínú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà lè gbà. Nígbà tí òǹkà orí rẹ̀ dé 37, tó dé 38, tó ṣì ń lọ, inú mi ń dùn ni. Mo ní wọ́n fi èènì sí i fún mi. Ó dé 41 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí.

Etí odò ni mo ti ń bọ̀. Láti ìdájí ni mo ti wà níbẹ̀, tí mò ń ya àwọn apẹja tó ń da àwọ̀n. Ẹyọ kan wà nínú wọn tí mo ti ń fi yangàn nínú ara mi: àwọ̀n ṣí lójú ọ̀run bí agbòòrùn, ọmọkùnrin kan dúró lábẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbójú sókè, ó la ẹnu sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo wọ abẹ́ kúbùsù, mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà nínú òkùnkùn, mo sì fi ìka wá fíìmù náà kiri. Ahọ́n rẹ̀, ìyẹn orí rẹ̀ tó máa ń yọ síta, ṣì wà níbi tí mo fi í sí láàárọ̀. Kò sún rárá. Gbogbo ohun tí mo ti ń yà láti ìdájí, afẹ́fẹ́ ni mo yà wọ́n sí.

Pentax K1000 ni kámẹ́rà yẹn, àbúrò bàbá mi ló fún mi. Láti 1976 títí di 1997 ni wọ́n fi ṣe irú rẹ̀ tà, kò sì sí iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn ṣe. Ọwọ́ ẹni la fi ń yí lẹ́ǹsì kí àwòrán tó mọ́, ọwọ́ la fi ń yan ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣí ojú sí ìmọ́lẹ̀ tó sì ń pa á dé, ọwọ́ la fi ń fa fíìmù. Bí fíìmù ò bá wọlé dáadáa, kò ní sọ fún yín, nítorí kò lẹ́nu. Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí. Bí mo bá ti ki ahọ́n fíìmù bọ inú ọ̀pá tó ń ká a, tí eyín kámẹ́rà sì ti mú àwọn ihò wẹ́wẹ́ etí rẹ̀, màá fà á lẹ́ẹ̀kan kí n tó pa ẹ̀yìn dé. Lẹ́yìn náà, màá rọra yí orí roboto tó wà lápá òsì, èyí tí a fi ń ká fíìmù padà, títí yóò fi le lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìgbà tí mo bá ti fa fíìmù síwájú ni ojú mi ń wà lára orí roboto yẹn. Ó gbọ́dọ̀ yí. Bí kò bá yí, ẹ má wulẹ̀ ya ohunkóhun mọ́, fíìmù ò rìn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìṣẹ́jú méjì tí mi ò fi ṣe sùúrù láàárọ̀ ló gba odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi.

Kámẹ́rà yìí kan náà tún fi bátìrì dá mi lágara. Bátìrì kékeré kan ló wà nídìí rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló sì ń lò ó. Kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pa á. Ìdérí lẹ́ǹsì la fi ń pa á: bí ìmọ́lẹ̀ ò bá wọlé, abẹ́rẹ́ á sùn. Ta ló sọ ìyẹn fún mi? Mo gbé kámẹ́rà sórí tábìlì láìdé e, nígbà tí mo sì máa tún gbé e jáde, abẹ́rẹ́ ò mì mọ́. Mo pe àbúrò bàbá mi.

"Bátìrì ló kú," wọ́n ní, "kámẹ́rà ò kú. Ṣé oòrùn ń ràn?"

Mo ní ó ń ràn.

"Ó dáa, gbé ihò lẹ́ǹsì sí 16. Kí ìyára rẹ súnmọ́ nọ́ńbà tó wà lára fíìmù. Tí oòrùn bá wọ̀ sábẹ́ ìkùukùu, ṣí i sí 8, nọ́ńbà tó kéré ni ihò tó tóbi. Abẹ́ igi, 4. Ó tán."

Nọ́ńbà fíìmù mi, èyí tó ń sọ bó ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, jẹ́ 200, mo fi ìyára sí 1/250, ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí òun ló súnmọ́ ọn jù. Mo rò pé wọ́n kàn ń tù mí nínú ni. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tán, mo rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló jáde dáadáa. Mo ti ra bátìrì mìíràn láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá jáde, mo máa ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀, wo òjìji ara mi, kí n sọ iye tí mo rò pé ìmọ́lẹ̀ jẹ́, kí n tó wá bi abẹ́rẹ́ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ wa ṣọ̀kan. Bí a bá ṣe àríyànjiyàn, èmi ló sábà máa ń jẹ̀bi, àmọ́ kì í ṣe nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ra Olympus Trip 35, kámẹ́rà kékeré tí kò ní bátìrì rárá. Gíláàsì oníwẹ́wẹ́ tó yí ojú lẹ́ǹsì rẹ̀ ká ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe iná. Ìyára méjì péré ló ní, 1/40 àti 1/200, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń yan èyí tó wù ú. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó o, ahọ́n pupa kékeré kan á yọ níbi tí ẹ ń yọjú sí, bọ́tìnì á sì kọ̀ jálẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní gbà. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ sórí pápá táwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, bí eré ṣe ń gbóná ló yọ ahọ́n sí mi. Mo bínú débi pé mo fẹ́ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Mi ò dá a padà, inú mi sì dùn. Nínú ilé mi, ìṣísẹ̀ méjì sí fèrèsé, ó gbà. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó yọ ahọ́n. Lójú tèmi, ibẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ bákan náà. Irọ́ tí ojú ń pa fún wa nìyẹn: ó máa ń tètè mú ara bá òkùnkùn mu débi pé a ò ní mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti dín kù. Àtìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ya ẹnikẹ́ni nínú ilé, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni kí n sún àga rẹ̀ mọ́ fèrèsé.

Mo gbé èyí lọ sórí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà tí mo ra kámẹ́rà tó ń lo káàdì, Nikon D40, tó jáde ní 2006, tó jẹ́ megapixel 6 péré, ìyẹn àmì wẹ́wẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà nínú fọ́tò kan. Mo sún àga mọ́ fèrèsé lóòótọ́, àmọ́ mo jẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Ìta mọ́ rekete nínú fọ́tò náà, ewé kọ̀ọ̀kan ṣeé kà. Ojú ẹ̀gbọ́n mi dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Èmi rèé, àbí òjìji mi?" wọ́n bi mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Kámẹ́rà ò mọ èèyàn, kò mọ fèrèsé. Ohun tó bá wà níwájú rẹ̀, ó gbà pé àárín funfun àti dúdú ló yẹ kó wà. Bí funfun bá pọ̀ jù nínú àwòrán, á fa gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ṣe déédéé, ojú ẹni tó jókòó níbẹ̀ á sì bá a lọ. Fún ìdí yìí ni bọ́tìnì tí wọ́n kọ àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò sí ṣe wà lórí kámẹ́rà: ẹ fi +1 sí i, nígbà míì +1.5, kí ìta kúkú funfun jù, ṣebí èèyàn lẹ ń yà. Tàbí kí ẹ kàn yí àga padà, kí onítọ̀hún kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Èmi ń yí àga ni. Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òní ni àwọ̀ dúdú ti ń jìyà lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Láyé fíìmù, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ni àwọn tó ń tẹ fọ́tò fi ń díwọ̀n àwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá dúdú, bó bá ṣe jáde ni kó gbà á.

D40 tún ní àbùkù kan tí mi ò mọ̀ kí n tó rà á. Kò sí mọ́tò nínú rẹ̀ tó lè yí àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́, mo sì ti lọ ra lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 kan tó gbára lé mọ́tò inú kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì náà wọ̀ ọ́, ó ń yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo gbọ́dọ̀ fi yí i kí àwòrán tó mọ́. Àmì roboto kékeré kan máa ń tàn nísàlẹ̀ ibi tí mò ń yọjú sí bí ó bá ti bọ́ sójú ẹ̀. Fún ọdún kan gbáko, gbogbo ọmọ tó ń sáré ló sá kọjá lẹ́ǹsì mi ní bàìbàì. Níkẹyìn mo jáwọ́ nínú lílé wọn. Mo máa ń yan ibi kan sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni o, etí kòtò ni o, màá yí lẹ́ǹsì kó mọ́ níbẹ̀, màá sì dúró de ẹni tó bá máa dé ibẹ̀. Mo ní kámẹ́rà tó lè ṣe é fúnra rẹ̀ báyìí, dídúró náà ni mo ṣì ń dúró.

Fóònù ńkọ́? Fóònù kì í kọ̀, ìṣòro tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Òkùnkùn, ó gbà. Ẹ̀yìn sí fèrèsé, ó gbà, á ya ọ̀pọ̀ fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, á pa wọ́n pọ̀, á tún ojú ẹni ṣe. Mi ò rántí ohun kan tó kọ́ mi. Síbẹ̀, fọ́tò màmá mi tí mo fẹ́ràn jù láyé, èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n mú bàtà ẹsẹ̀ kan dání, fóònù ni mo fi yà á, nítorí òun ló wà nítòsí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Ohun kan tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lé lórí ni iye ẹrù. Ẹ gbé kámẹ́rà kan àti lẹ́ǹsì kan jáde. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Àwọn ọjọ́ tí mo gbé méjì kọ́rùn, inú àpò ni mo wà nígbà tí ohun tó dára ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá sì padà délé, ẹ kó fọ́tò inú káàdì sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó jókòó, ẹ má sì pa ti inú káàdì rẹ́ títí ẹ ó fi fojú ara yín rí i pé ó ti wọlé (ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀). Ẹ má fi lẹ́ǹsì pamọ́ síbi tó ń rin. Ohun kan máa ń hù nínú rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn, kì í sì í rọrùn láti nù kúrò.

Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní Yashica Mat-124G fún oṣù kan. Àpótí ni, ó ní lẹ́ǹsì méjì, ọ̀kan lórí èkejì: tòkè la fi ń wò, tìsàlẹ̀ ló ń yà. Èèyàn á gbé e sí àyà, á tẹríba wo gíláàsì tó wà lórí rẹ̀, òsì á sì di ọ̀tún níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń sá lọ sápá kan, apá kejì ni mò ń yí sí. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ọrùn mi tó gbọ́ràn. Fọ́tò 12 ló wà nínú fíìmù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹríba kì í ba àwọn èèyàn lẹ́rù bí ẹni tó gbé ẹ̀rọ bojú. Irú kámẹ́rà báyìí, Rolleiflex, ni Vivian Maier, obìnrin ayafọ́tò kan, gbé kọ́rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tó ń bá àwọn èèyàn tọ́mọ ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Fọ́tò tó yà lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, ọ̀pọ̀ fíìmù rẹ̀ ni kò tilẹ̀ fọ̀ rí. Ọdún 2007 ni àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn fọ́tò náà, nígbà tí wọ́n lu ẹrù rẹ̀ tà ní gbàǹjo. Bí mo bá ti rántí ìyẹn, màá dìde lọ fọ fíìmù mi.

Mo ti fi Yashica náà ya mọ́kànlá nínú méjìlá lọ́jọ́ tí mo kọjá níwájú aránṣọ kan, bàbá àgbàlagbà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ fi bà lé ọwọ́ wọn. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà yín?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wà lọ́wọ́ yín ló wù mí, sà."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. "Ọwọ́ yìí? Ó dáa. Àmọ́ mi ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ o."

Wọ́n ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n fi ètè rin orí òwú, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n di ojú kan. Òwú yà sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n tún un rin. Èmi náà ń yí lẹ́ǹsì, mi ò lè tẹ̀ ẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n dá ọwọ́ dúró pátápátá, èémí wọn dúró, tèmi náà dúró, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo mú fọ́tò náà lọ fún wọn. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n sún un mọ́ra, wọ́n tún gbé e jìnnà.

"Òwú yìí ò tíì wọlé," wọ́n ní. "O ò dúró kó wọlé."

"Ẹ má bínú, bàbá. Fíìmù ló tán."

Wọ́n fi fọ́tò náà sábẹ́ ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ tí fíìmù mi bá pọ̀.