Gbogbo Ẹni Tí A Kà Kọ́ Ló Lè Dìbò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ détà ìbò ní Texas, oṣù yìí ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo rí àtẹ tí ọ̀kan nínú yín fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àyà mi já, torí àṣìṣe tó gbé mi ṣubú lọ́jọ́sí ló wà níbẹ̀: ó ka gbogbo ará ìlú sí olùdìbò.

Ìkíní: ẹ má fi iye ará ìlú pe iye olùdìbò. Ìkànìyàn ọdún 2020 ka ènìyàn 29,145,505 ní Texas. Nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn Látínò (àwọn tí ìran wọn wá láti Latin America) jẹ́ 39.3, àwọn òyìnbó tí kì í ṣe Látínò jẹ́ 39.7. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lọ́dún yẹn, Látínò kò ju nǹkan bí 30 lọ, òyìnbó sì tó ìdajì. Ọ̀pọ̀ Látínò ni kò tíì pé ọdún 18, ọ̀pọ̀ àgbà wọn ni kò sì tíì gba ìwé ọmọ ìlú.

Ìkejì: ìkànìyàn yẹn kò béèrè bóyá ènìyàn jẹ́ ọmọ ìlú. American Community Survey, ìwádìí tí àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́dọọdún, ló ń béèrè, ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú iye yín.

Ìkẹta... ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tí ojú mi rí.

Lọ́dún kejì mi, olùdíje kan fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ ìlú ní Houston. Mo ní Látínò ló pọ̀ jù ní ẹkùn náà, kí á náwó síbẹ̀. A tẹ ìwé ìpolongo lédè Sípéènì, a gba àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa kan ilẹ̀kùn. Èmi náà bá wọn jáde ní Sátidé kan. Nílé kẹta, màmá kan fún wa lómi tútù, ó gbọ́rọ̀ wa tán, ó ní òun àti ọkọ òun ò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, àkọ́bí àwọn sì jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ènìyàn márùn-ún nínú ilé, kò sí ìbò kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ la ń bá a láti ilé dé ilé. Ó yẹ kí n ti mọ̀! Èmi fúnra mi lo ọdún márùn-ún pẹ̀lú green card kí n tó lè kọ̀wé béèrè fún ìwé ọmọ ìlú.

Owó ti tán nígbà yẹn. Àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ẹkùn náà, tí wọn kì í pa ìbò jẹ, ẹnikẹ́ni ò dé ọ̀dọ̀ wọn. A fìdí rẹmi. Ọ̀gá wa dá gbogbo ẹ̀bi lé mi lórí lójú àwọn ẹgbẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ òun ló buwọ́ lu àtẹ náà láìbéèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ń dùn mí di òní.

Èyí tó dùn mí ju ìyẹn lọ ni ẹ̀kọ́ òdì tí wọ́n fà yọ níbẹ̀: wọ́n pa àdúgbò náà tì pátápátá. Houston ni wọ́n bí ọmọ ọdún 15 yẹn sí. Ó ti lè dìbò láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó tún padà lọ kan ilẹ̀kùn ilé wọn.