Orí Ẹní Ni Mo Ti Ń Ba Ẹ̀yìn Ara Mi Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún oṣù mẹ́ta sókè, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bó ṣe ń ṣe. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń di ògiri mú kó tó lè yí ara padà lóru, ẹ mọ bí wíwọ bàtà lásán ṣe ń di iṣẹ́. Mi ò ní máa ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ní gbogbo oṣù mẹ́jọ tí mo fi jìyà ni mo fẹ́ sọ, nígbà tó ṣì gbóná lọ́kàn mi: mo ti dùbúlẹ̀ jù.

Aṣọ ni mò ń rán, nítòsí Tákíè níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti tó ọdún 21. Bí iṣẹ́ ọdún bá wọlé, aago méje àárọ̀ ni mo máa ń jókòó sídìí maṣíìnì, alẹ́ ni mo máa ń dìde. Ẹ̀yìn yìí bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé wa bí ẹ̀yìn bá ń dunni: jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo fi ṣúgà sílẹ̀. Mo fi mílíìkì sílẹ̀. Mọ́ńgòrò rẹpẹtẹ lọ́jà, mi ò fi ẹnu kan ẹyọ kan. Mo ń mu àgbo láàárọ̀, mo ń mu ún lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń bú àgbo o. Màámi tó bí mi, àgbo ló tà tó fi rán mi níwèé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀yìn tó le nítorí ìjókòó, kì í ṣe inú ìfun lèèyàn ti ń wá a.

Lẹ́yìn àgbo, mo bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta oògùn. Á kó ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, ọ̀kan aláwọ̀ ewé sínú ọ̀rá kékeré, kò ní sórúkọ lára wọn. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Bí mo bá lò ó lónìí, mo lè rán aṣọ títí di ọ̀túnla. Ìgbà tó yá ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ìgbẹ́ mi wá dúdú bí ọ̀dà. Dókítà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé inú ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀, pé irú oògùn ìrora bíi diclofenac, bí èèyàn bá ń gbé e mì láìsí ẹni tó ń wò ó, ó ń dá egbò sínú ikùn, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Mo tún ra bẹ́líìtì ẹ̀yìn ní Sábó. Àwọn kan ní ayé ló fi ọfà ta mí. Mo gbàdúrà sí ìyẹn náà.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣe Iléyá. Aṣọ ẹbí 17 wà nílẹ̀. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ibẹ̀ ló ti gbá mi mú. Mi ò lè nàró mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, gbogbo kòtò tó wà lọ́nà ni mo fi igbe kà. Nígbà tí a délé, ìyá ọkọ mi ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe dé orí bẹ́ẹ̀dì, pé ilẹ̀ líle ló ń tún ẹ̀yìn ṣe, kí n dùbúlẹ̀ kí n má mira. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ohun tí mi ò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi wà ní Ìlọrin. Òjò ń rọ̀, iná kò sí. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ fa ara mi títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá, mo na ọwọ́ sí ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò tó o. Mo tún nà án. Ẹ̀yìn mi já bí ẹni pé wọ́n fi irin gbígbóná kàn án, mo sì tọ̀ sára níbẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì, èmi abiyamọ tó ní ọmọ mẹ́rin. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 13, gbọ́ igbe mi. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tan iná fóònù sí mi lójú. Ó dúró. Kò sọ nǹkan kan. Ó pa iná náà, ó lọ mú ìró mi wá, ó kọjú sí ògiri, ó na ìró náà sẹ́yìn sí mi. Mo ṣì ń rí ẹ̀yìn ọmọ yẹn lójú mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ya àwòrán MRI tó ń fi inú ara hàn, wọ́n ní egungun ẹ̀yìn mi ti jẹ, àfi iṣẹ́ abẹ. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ra oko kaṣú wa. Ènìyàn méjì ti wá wò ó. Ọmọ ìjọ wa kan ló ní ká kọ́kọ́ lọ rí físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun.

Ọmọdébìnrin ni físíò náà, mo lè bí i. Kò tíì wo àwòrán tó fi bi mí nípa òru ọjọ́ yẹn. Ó ní, “Mà, ṣé ẹ mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n yín tí ẹ ò kàn lè dé ibẹ̀ ni, àbí ó kàn dà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀?” Mo ní mo mọ̀, ilẹ̀kùn ni ọwọ́ mi ò tó. Ó bi mí bóyá ojú ara mi àti ìdí mi kú tipiri, bóyá ẹsẹ̀ mi kan ń wọ́ nílẹ̀, bóyá mò ń rù láìnídìí, bóyá ibà wà níbẹ̀. Mo ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ká ní ó ń dà láìjẹ́ pé mo mọ̀ ni, tàbí ìdí mi ti kú, ọjọ́ yẹn gan-an lòun ì bá ní kí wọ́n gbé mi lọ fún iṣẹ́ abẹ, torí ó jẹ́ pé àwọn okùn ìmọ̀lára tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ni nǹkan tẹ̀, bí wọ́n bá sì fi falẹ̀ ó lè má padà sípò mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn, kó má ṣe fi ọ̀rọ̀ tèmi dúró sílé.

Ó wá wo àwòrán. Ó ní bí wọ́n bá ya ọgọ́rùn-ún ẹni 50 ọdún tí ẹ̀yìn kò dùn rárá, nǹkan bí 80 nínú wọn ni irú jíjẹ bẹ́ẹ̀ máa hàn lára àwọn àwo rírọ̀ tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn wọn. Ó ní bí ewú orí ló rí. Ó bi mí pé, “Ta ló ní kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀?” Mo dákẹ́. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀.

Ó ní ọjọ́ kan tàbí méjì kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti jẹ́ kí àwọn iṣan tó gbé ẹ̀yìn mi ró gbẹ. Ó ní ìrora tó ti pẹ́ dà bí ajá tí wọ́n ti nà rí, bí onílé bá na ọwọ́ láti fún un lóúnjẹ, á gbó. Gbígbó rẹ̀ kò sọ pé olè ti wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí ló tú mi sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ó bá dùn mí, mo rò pé nǹkan ń já nínú mi ni.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo kọ́kọ́ rìn, pẹ̀lú ẹkún. Ó di mẹ́wàá, ó di ọgbọ̀n. Mò ń dùbúlẹ̀ gbé ìdí sókè, mò ń ká orúnkún mọ́ àyà. Ní oṣù kẹta mo ti padà sídìí maṣíìnì. A ò ta oko kaṣú.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹ dìde. Èkejì ni pé kí ẹ má gbé oògùn tí kò lórúkọ mì. Ẹ̀kẹta, ẹ dìde náà ni: bí ẹ bá jókòó, kí fóònù dún ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ nà ró. Mo sọ fún káfíńtà kó gbé tábìlì maṣíìnì mi ga sókè, iṣẹ́ kékeré ni. Ọmọ mi tún fi hàn mí lórí fóònù pé Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà lórí ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Eré ìdárayá àti àlàyé tó yéni wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí, bẹ́líìtì wà lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má fi ṣe ìtọ́jú. Wọ́n tún ní èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn ní ọdún 2020. Mo sì ń rò nígbà yẹn pé èmi nìkan ni.

Ó ṣì ń dùn mí o, ní pàtàkì bí iṣẹ́ bá pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó mú mi fún ọjọ́ méjì. Mo dín rírìn mi kù, mi ò dá a dúró. Ìyá ọkọ mi tún bi mí bóyá kí wọ́n tẹ́ ẹní. Mo ní kí wọ́n ṣeun. Èlùbọ́ ni wọ́n ń sá lé ẹní náà báyìí.