Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí gbàǹjo kọ́míìkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bí mo ṣe ń mọ ibi tó yẹ kí n ti dúró nígbà tí gbàǹjo bá gbóná. Èsì mi kì í yí padà: mo ti dúró kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro iye tó máa san nígbà tí aago ti ń ka márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, kò lè rò ó já. Kéèyàn má baà ráyè rò ó náà ni wọ́n ṣe fi aago síbẹ̀. Orí Whatnot àti eBay, àwọn ojú òpó tí wọ́n ti ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti ń ra kọ́míìkì, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán, tí mo sì ti ń tà á, láti Houston ní Amẹ́ríkà níbí, níbẹ̀ sì ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Fún ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ rí, bó ṣe ń lọ rèé. Òǹtajà á tan kámẹ́rà, á jókòó ti tábìlì, á máa gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa sọ̀rọ̀, èrò á sì máa kọ ọ̀rọ̀ sí i nísàlẹ̀. Dọ́là 1 ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fowó lé e nígbà tí aago fẹ́ tán, aago á tún sún síwájú díẹ̀ kí ẹlòmíì lè fèsì. Ṣùgbọ́n bí òǹtajà bá yan èyí tí wọ́n ń pè ní sudden death, kò sí àfikún kankan, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn ló gbé e. Ẹ mọ èyí tí wọ́n ń lò kí ẹ tó dá sí i. Bí ẹ bá sì ti borí, owó ti kúrò nínú káàdì yín nìyẹn.

Kí n tó wọlé, mo ti kọ iye tí mi ò ní kọjá sórí bébà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan. Inú àwọn ọjà tí wọ́n ti tà tán lórí eBay ni mo ti ń rí i, kì í ṣe inú èyí tí wọ́n ṣì ń tà lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ dọ́là 900 sára ìwé tí kò tó 90. Iye tí ẹnìkan ti san ni iye ọjà. Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn nìkan ni mo sì ń wò, nítorí iye kọ́míìkì fò sókè ní ọdún 2021, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti já wálẹ̀ láti 2022. Títí di òní, ẹ ó ṣì bá òǹtajà tó ń pe iye 2021 lójú kámẹ́rà bí ẹni pé àná ni.

Lẹ́yìn náà ni mo máa yọ àwọn owó mìíràn tí mo máa san kúrò níbẹ̀. Ní Houston, owó orí ọjà jẹ́ ìdá 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún, owó ìfìránṣẹ́ sì tún ń bẹ. Tí ó bá jẹ́ ilé gbàǹjo ńlá bíi Heritage Auctions ní Dallas, wọ́n máa ń fi làádà tiwọn lé iye tí ẹ fi borí. Ká ní làádà náà jẹ́ ìdá 20, ìwé tí ẹ rò pé ẹ rà ní dọ́là 500 ti di 600, kí owó orí tó dé. Nítorí náà, iye tó wà lórí bébà mi máa ń kéré sí iye ọjà, mi ò sì ń yí i padà. Àbúrò mi ọkùnrin bá mi jókòó nírọ̀lẹ́ kan, ó ń pariwo: "Bùrọ̀dá mi, ó ku mẹ́ta o! Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́!" Dọ́là 5 péré ló fi kọjá ohun tó wà lórí bébà. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Kò tó oṣù méjì tí mo fi rí irú ìwé yẹn gan-an ní iye tí mo fẹ́. Àyàfi ìwé tó ṣọ̀wọ́n gidi, òmíràn ń bọ̀ lọ́nà.

Èwo wá ló ṣọ̀wọ́n gidi? Ẹ má fi ariwo wọ̀n ọ́n. X-Men #1, ìyẹn nọ́ńbà kìíní ìwé X-Men, ti ọdún 1991 lókìkí, àmọ́ ó lé ní mílíọ̀nù 8 ẹ̀dà tí wọ́n tà, ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á ló sì tọ́jú rẹ̀ nítorí wọ́n rò pé yóò di owó. Ìdí nìyẹn tí kò fi di owó. Fantastic Four #52 yàtọ̀. Oṣù keje ọdún 1966 ló wà lára rẹ̀, sẹ́ǹtì 12 ni wọ́n ń tà á, àwọn ọmọdé sì kà á, wọ́n ká a sápò, àwọn ìyá wọn dà á nù. Ibẹ̀ ni Black Panther, ọba ilẹ̀ Áfíríkà kan nínú ìtàn, ti kọ́kọ́ fara hàn. Mo fẹ́ràn ìwé yẹn ju gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ. Ọba aláwọ̀ dúdú tó ní ìlú, tó ní ọgbọ́n, tó fi ọgbọ́n náà ju àwọn àlejò rẹ̀ lọ, nínú ìwé tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọdé Amẹ́ríkà ní 1966! Mi ò rò pé mo lè tà á láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tà, kó mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá kéde fíìmù ni iye irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń gòkè jù. Nígbà tí fíìmù bá fi máa dé sinimá, àwọn tó fẹ́ rà ti rà tán.

Ọ̀rọ̀ ipò tí ìwé wà ló pọ̀ jù lọ. Incredible Hulk #181, ti ọdún 1974, ni Wolverine, akọni inú ìtàn kan, ti kọ́kọ́ jáde ní kíkún, ó sì wà lára ìwé tí gbogbo èèyàn ń wá. Láyé ìgbà yẹn, Marvel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn ìwé yìí, máa ń tẹ àwòrán kékeré kan bíi sítáǹbù sínú ìwé wọn, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọdé gé e, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ jọ. Àwọn ọmọ sì gbọ́ràn. Ìdí nìyẹn tí Hulk 181 fi lè dán yinrin níta, kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé, kí píìnì rẹ̀ má dógùn-ún, kó sì jẹ́ pé àlàfo onígun mẹ́rin ló wà lójú ewé tí wọ́n tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé sí. Iye rẹ̀ á já lulẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òǹtajà kan gbé ọ̀kan sókè láìsí nínú ike, ó ń yìn ín. Mo kọ ọ́ sí i pé kó jọ̀ọ́ ṣí ojú ewé sítáǹbù hàn wá. Ó ka ìbéèrè mi sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé náà pé, ó sì ṣí aago. Mo jáde. Ó lè pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè sanwó fún ohun tí wọn ò jẹ́ kí n rí.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n fi hàn mí kò pọ̀: ẹ̀yìn ìwé níbi tí ewé ti pàdé, píìnì méjèèjì láti inú, ojú ewé àárín bóyá ó ti já, àti èèpo iwájú nígbà tí wọ́n bá yí i sí ìmọ́lẹ̀ iná. Iná ló ń tú àṣírí. Ibi tí ìwé ti ká tí àwọ̀ kò bó, wọ́n lè fi ẹ̀rọ oníná tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́jú. Ibi tí àwọ̀ ti bó, tí funfun bébà yọ, kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà. Ẹ tún wo iye tí wọ́n tẹ̀ sára èèpo, nítorí Marvel ti tún àwọn ìwé wọ̀nyí tẹ̀ lọ́nà tó jọ ti àtijọ́ gan-an. Sẹ́ǹtì 25 ni ti Hulk 181 ojúlówó.

Èyí tó wà nínú ike ńkọ́? Ilé iṣẹ́ CGC ní Sarasota, Florida, ló gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí láti nǹkan bí ọdún 2000. Wọ́n á yẹ ìwé wò, wọ́n á fún un ní máàkì láti 0.5 dé 10, wọ́n á sì dè é pa sínú ike. Ẹ má wo máàkì nìkan, ẹ wo àwọ̀ ìwé àlẹ̀mọ́ tó wà lókè. Búlúù ni ti ìwé tí kò ní àríyànjiyàn. Èsè àlùkò túmọ̀ sí pé wọ́n ti tún un ṣe, bóyá wọ́n kùn ún tàbí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewéko tútù ń sọ pé àbùkù kan wà tí wọn kò kà mọ́ máàkì, irú bíi sítáǹbù tí wọ́n gé. Yẹ́lò jẹ́ ti èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lójú ẹlẹ́rìí. Mo ti rí òǹtajà tó fi àtàǹpàkò bo àwọ̀ yẹn lójú kámẹ́rà, tó ń pariwo "9.4! 9.4!" Nǹkan tí àtàǹpàkò bò ni kí ẹ bèèrè.

Ike náà kì í ṣe ẹ̀rí tó tán pátápátá. Ní ìparí ọdún 2023 ni àṣírí tú pé ẹnìkan ti ń yọ ìwé tó dára kúrò nínú ike CGC, tó ń fi èyí tí kò dára rọ́pò. Láti ìgbà náà, mo máa ń tẹ nọ́ńbà ara ike sí ojú òpó CGC, mo sì máa ń fi àwòrán tó wà níbẹ̀, bó bá wà, wé ìwé tó wà níwájú mi, àmì kékeré sí àmì kékeré.

Àwọn òǹtajà kan tún máa ń ní ọ̀rẹ́ nínú èrò tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa gbé owó sókè lọ. Bí orúkọ kan bá ń jà lórí gbogbo ìwé ńlá tí kò sì borí rí, tàbí tí ìwé tó "borí" lọ́sẹ̀ tó kọjá tún padà wá sórí tábìlì yẹn kan náà, ẹ wá ibòmíràn lọ. Ìwà jìbìtì ni, ẹ sì lè fẹjọ́ sun ojú òpó náà.

Nígbà tí mo bá ń tà, ẹnu mi ni àbùkù ìwé ti kọ́kọ́ ń jáde. Kí n tó ṣí aago, mo ti fi ọwọ́ kan ibi tó ya, mo ti yí i sí ìmọ́lẹ̀ iná. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń fowó lé e láìfòyà, wọ́n sì ń padà wá. Làádà Whatnot lórí kọ́míìkì jẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ìdá 2.9 àti sẹ́ǹtì 30 fún owó káàdì. Nínú dọ́là 100, ó ti lé ní 11 tó lọ, kí n tó ra páálí. Nítorí náà, mi ò ń bẹ̀rẹ̀ ìwé tó níye láti dọ́là 1 nígbà tí èèyàn mẹ́fà péré ń wò. Àwọn ìwé kékeré ni mo fi ń pe èrò. Tí wọ́n bá ti pọ̀, mo wá gbé èyí tó níye jáde láàárín, nígbà tí kò tíì rẹ ẹnikẹ́ni.

Dídì náà ṣe pàtàkì. Ìwé á wà nínú ọ̀rá, pẹ̀lú páálí pẹlẹbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Páálí líle méjì á há a láàárín, á tó wọ àpótí. Ẹ má fi Media Mail, ọ̀nà ìfìránṣẹ́ ìwé, ránṣẹ́ torí pé ó dínwó: ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kò gba kọ́míìkì síbẹ̀, nítorí ìpolówó ọjà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lè tú u wò. Èyí tí mo bá fẹ́ tọ́jú, inú yàrá ni mo ń kó o sí, kì í ṣe gáréèjì. Ooru àti ọ̀rinrin Houston á sọ bébà di pupa rẹ́súrẹ́sú. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn tí ẹ ń bi mí bóyá ẹ lè rà: owó ìfìránṣẹ́ ìwé kan lè ju owó ìwé náà lọ. Ẹ jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí yín kan níbí máa gbà á jọ, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wálé nínú báàgì ọwọ́ nígbà tó bá ń bọ̀, kì í ṣe nínú ẹrù tí wọ́n ń jù sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfúrufú.