Bàbá Ṣọ́jà, fọkanáísà wa ní Mókọ́lá, n'Íbàdàn

Ara pósítà òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni mo ti kọ́kọ́ rí orúkọ bàbá gangan, ẹ gbà mí gbọ́. Láti kékeré mi, Bàbá Ṣọ́jà la mọ̀ wọ́n sí, àwọn ọlọ́kadà ń pè wọ́n ní Sájẹ́ǹtì, ìyá mi ní tiwọn ń pè wọ́n ní Bàbá Fọkanáísà, ó tán. Mo ka orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ta tún lèyí, àfìgbà tí mo wo fọ́tò tí mo rí bẹ́rẹ́ẹ̀tì lórí wọn.

Ṣọ́ọ̀bù wọn ò ju páànù mẹ́rin lórí igi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àti táyà àlòkù kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ VUCANIZER sí, L ò sí níbẹ̀. Tíṣà kan pe àkíyèsí wọn sí i lọ́jọ́ kan, bàbá wo táyà mọ́tò ẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ tán, wọ́n ní "Ṣé ó ṣì ń jò ni?" Tíṣà sanwó, ó bá tiẹ̀ lọ.

Àwa ọmọdé, iná la máa ń dúró wò. Wọ́n á yọ tíúbù, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á máa rì í bọ omi inú bàsíà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa yí i jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, títí omi á fi hó pútúpútú lójú kan. Wọ́n á ki igi ìgbálẹ̀ bọ ihò yẹn kó má baà sọnù mọ́ wọn lójú, wọ́n á fi fáìlì họ ojú ẹ̀, gọ́ọ̀mù, rọ́bà, kí wọ́n tó gbé písítìn ẹ́ńjìnnì àlòkù lé e, wọ́n á fi irin dè é mọ́lẹ̀ gbọn-in. Pẹ́tírọ́ọ̀lù díẹ̀ báyìí nínú písítìn, wọ́n á ṣáná sí i. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án o, iná á jó tán fúnra ẹ̀, tíwọ oníbàárà bá ń kánjú, ìwọ lo mọ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọ iléèwé, wọn kì í gbowó ẹ̀.

1967 tí ogun Biafra bẹ́ ni wọ́n wọṣẹ́ ṣọ́jà, wọn ò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Àwọn nìkan kọ́ ṣá, torí ṣọ́jà ilẹ̀ wa ò ju bíi 10,000 lọ kó tó di ogun, ìgbà tó fi máa parí wọ́n ti lé ní 200,000. Third Marine Commando, ẹ̀ka kan nínú ọmọ ogun ìjọba, ni wọ́n kó bàbá sí, lábẹ́ Benjamin Adékúnlé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Black Scorpion yẹn. Ẹ ó rò pé ìtàn á pọ̀ lẹ́nu wọn nìyẹn. Rárá o. Tá a bá ní bàbá, ṣé ẹ pààyàn, wọ́n á ní "Bá mi na sípánà yẹn."

Ọ̀rọ̀ bàtà nìkan ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn ń lọ gba Port Harcourt ní 1968, inú irà ni ṣáá, bàtà ń rà mọ́ àwọn lẹ́sẹ̀, ni dírẹ́bà kan bá gé tíúbù mọ́tò, ó fi lẹ ìdí bàtà fún wọn, ó sì kọ́ wọn bó ṣe ṣe é. Ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ nìyẹn o.

January 15, ọjọ́ ìrántí àwọn ṣọ́jà tó kú sógun, kì í ṣe ọlidé, gbogbo wa á ti lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n bàbá kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn títí di ọ̀sán. Wọ́n á lọ kákí tó máa dúró bíi páálí, wọ́n á di Agodi, níbi tí gómìnà á ti gbé òdòdó kalẹ̀ tí wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ní 1970 ni Effiong, tó ṣe olórí Biafra kẹ́yìn, wá túúbá fún Gowon, olórí ìjọba wa nígbà yẹn, ní Dodan Barracks l'Ékòó (bàbá ló sọ fún mi pé Dodan yẹn àti Letmauk tó wà ní Mókọ́lá níbí, orúkọ ibi ní Burma ni, mo ti rò pé orúkọ òyìnbó kan ni). Tí wọ́n bá dé, wọn kì í pàrọ̀ ṣòkòtò, kákí yẹn náà ni wọ́n á fi kúnlẹ̀ ti táyà.

Ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n ló máa ń bí mi nínú. Ọ́fíìsì kan á ní kí wọ́n wá fojú hàn pé wọn ò tíì kú, arúgbó á tò sórí ìlà láti àárọ̀. Lálẹ́ bàbá á dé, wọ́n á jókòó sórí táyà, wọ́n á ní "Wọ́n ti rí i pé mo ṣì wà láyé."

Ẹni tó ń ta tíúbù fún wọn ní Gate, Igbo ni, òun náà jagun, lódìkejì. Mi ò gbọ́ kí àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ ogun rí, iye owó gọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń tahùn lé lórí, ó lè gbà wọ́n ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ ìsìnkú ó wá, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, kò jẹun. Ìgbà tí èèyàn fẹ́ tú ká tán ló lọ bá ìyàwó bàbá, ó ní ṣéńjì bàbá ṣì wà lọ́wọ́ òun, ó ka owó yẹn sí wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.