Orúkọ Àwọn Tó Bógun Lọ

Ní 2007, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Maryland lÁmẹ́ríkà, ọ̀sán di alẹ́. Nínú yàrá tí a ti ń jẹun, ọ̀rọ̀ ogun Ìráàkì kì í tán nílẹ̀. Oṣù Kìíní ni Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà láti ẹgbẹ́ Rìpọ́blíkánì, ti kéde pé òun ń fi ọmọ ogun tó lé ní 20,000 kún àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, Harry Reid, aṣáájú àwọn Dẹmókráàtì nílé aṣòfin àgbà, là á mọ́lẹ̀ pé Amẹ́ríkà ti pàdánù ogun náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí oúnjẹ dìjà. Ọkùnrin tó ń tún nǹkan ṣe fún wa, Rìpọ́blíkánì paraku tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun ní Anbar ní Ìráàkì, lu tábìlì: "Àwọn ọ̀tá ń gbọ́! Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n máa máa gbé kiri!" Nọ́ọ̀sì kan bi í pé ta ló kọ́kọ́ tàn wá, ṣebí Bush tó dúró sórí ọkọ̀ ogun ní 2003, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí?

Èmi ò dá sí i. Ṣùgbọ́n tí ìròyìn PBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, bá ń parí lọ, wọ́n á fi fọ́tò àwọn ọmọ ogun tó kú hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú wọn. Kò sí orin, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá yẹn á gbé ṣíbí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà á dákẹ́.

Ìjọba tiwọn náà ń fi nǹkan pamọ́ o. Láti 1991 títí di 2009 ni wọ́n fòfin de fọ́tò àwọn pósí tó ń dé sí Dover, ibùdó ọkọ̀ òfurufú ológun tí wọ́n ń kó òkú àwọn ọmọ ogun wá. Àwọn ará Ìráàkì tó ń kú ńkọ́? Ta ló ka orúkọ tiwọn fún wa? Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ọmọ báyìí ti kú. Ìdí tó fi kú ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ní ìparí 2015, mo wálé sí Ìbàdàn. Nídìí oníwèé ìròyìn kan ní Mókọ́lá, àwọn tó ń kàwé ọ̀fẹ́ ti wọ̀yá ìjà. Buhari sọ fún BBC pé a ti ṣẹ́gun Boko Haram "technically", kálukú sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wù ú. Ọmọ PDP ní irọ́ ni. Ọmọ APC ní ẹni tó bá ń gbé fídíò Shekau, olórí Boko Haram, kiri, iṣẹ́ ọ̀tá ló ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ní 2014, APC ló ń bèèrè, PDP ló ń pe abéèrè ní ọ̀tá! Ìgbà yẹn náà ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok. Kò ju ọjọ́ méjì lọ, àwọn ológun ní àwọn ti gba èyí tó pọ̀ jù padà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Shekau fúnra rẹ̀, àìmọye ìgbà ni wọ́n ti fẹnu pa á kó tó kú ní 2021.

Ìyá aláàkàrà tó wà lódìkejì títì nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ wà ní Borno, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fóònù rẹ̀ ò ti lọ.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀."

Mo ra ìwé ìròyìn méjì, mo ṣí wọn léwé léwé. Ẹjọ́ owó ohun ìjà ló kún inú wọn.

"Ẹ má bínú, Màmá, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀."

"Ó wà láyé nìyẹn, àbí?"

Mo wo ojú wọn, mi ò rí nǹkan sọ. Wọ́n padà sídìí agbada wọn, àkàrà tó wà nínú epo ti jóná.