Owó Iṣẹ́ Lọ́tọ̀, Owó Ọjà Lọ́tọ̀

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Oníná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Iṣẹ́ yàrá méjì tó wà lẹ́yìn la jọ jókòó sọ. Wáyà ibẹ̀ ti gbó, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń ki fíríìjì sí sì ti ń gbóná débi pé ojú rẹ̀ ti ń yọ́.

Oníná kan ti kọ́kọ́ wá lọ́jọ́bọ̀. Kò gun àjà, kò ṣí bọ́ọ̀dù tó ń pín iná, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó fi ní ₦180,000, "gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀." Mo bi í pé kí ni gbogbo ẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi bá ti ní kí n fọkàn balẹ̀, àpò mi ni mo máa ń dì mú.

Mi ò sọ pé owó àpapọ̀, tó kó iṣẹ́ àti ọjà pọ̀, kò dáa o. Ṣùgbọ́n inú wáyà lowó máa ń sá pamọ́ sí. Wáyà 1.5 mm tó fún gílóòbù àti fáànù, 2.5 mm ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì; AC àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi ń fẹ́ 4 mm. Bí ẹnì kan bá gba owó 2.5 tó wá fa 1.5 tó tín-ín-rín sínú páìpù, tí wọ́n sì rẹ́ ògiri tán, ta ni yóò mọ̀? Àwọn wáyà kan tún wà tó jẹ́ pé bàbà fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bo ojú wọn, inú wọn kì í ṣe bàbà rárá.

Bàbá Oníná ní tiwọn, pọ́ńtì ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa fa iná dé. Wọ́n gun àjà, wọ́n yọ ojú bọ́ọ̀dù, wọ́n wá ní kí n mú bírò. Gílóòbù 4, fáànù 2, sọ́kẹ́ẹ̀tì 4: pọ́ńtì 10, ₦4,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. AC nìkan ₦10,000, torí wáyà tirẹ̀ máa gba inú bọ́ọ̀dù wá tààrà, pẹ̀lú bùrékà tirẹ̀. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦50,000. Ojú ewé kejì ni owó ọjà wà, láti orí róòlù wáyà dé orí ìṣó. Wọ́n ní iye ojú ewé kejì yẹn kò kọjá Túsìdeè, pé dọ́là ni wọ́n fi ń ra bàbà lágbàáyé, ọlọ́jà lè yí ohùn padà nígbàkigbà. Èyí wù mí ju ìlérí lọ. A máa jọ lọ sí Alábà lọ́jọ́ Ajé, èmi ni máa sanwó fún ọlọ́jà. Ohun tí ọlọ́jà bá tọ́jú fún Bàbá lẹ́yìn mi, mi ò bá wọn dù ú.

Àwọn fúnra wọn ló tún béèrè pé, "Ìyá Ìbejì, ta ló máa rẹ́ ògiri?" Ìbéèrè yìí gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Oníná á gbẹ́ ògiri kó lè rí ọ̀nà fún páìpù, á sì palẹ̀ mọ́, onílé á wá máa retí ẹni tó máa dí i. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni máa wá bíríkìlà. Bí wọ́n bá sì bá wáyà jíjóná níbi tí a ò kà, wọ́n á pè mí kí wọ́n tó ra nǹkan kan.

Ó wá ku sísan owó. Ìdajì lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ìyókù lẹ́yìn tí a bá tan gbogbo ẹ̀ wò tó sì ṣiṣẹ́.

"Bí NEPA ò bá mú iná wá ńkọ́?" (Láti 2005 ni wọ́n ti pa orúkọ yẹn tì, àmọ́ ta ló gbà?)

Mo ní a máa tan jẹnẹrétọ̀.

"Epo ńkọ́?"

"Bàbá, ṣé kò sí nínú pọ́ńtì ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé: epo jẹnẹrétọ̀, onílé.